Ràṣídì Yẹkínì, Ọmọ Irá

Ìlú Irá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí Ọ̀fà. Àwọn àgbà tí ń pìtàn sọ pé ibẹ̀ ni ilé Ọya, aya Ṣàngó, ibẹ̀ náà ni ó sì padà sí nígbà tí ó fẹ́ wọlẹ̀. Nítorí náà, láti ayébáyé ni a ti ń fi orúkọ Ọya mọ Irá. Ṣùgbọ́n bí a bá yà sí pápá ìṣeré ní Òkè-Ọ̀pin tàbí ní Ọ̀sí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, tí a sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n mọ̀ ní Irá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ rántí Ọya. Ràṣídì Yẹkínì ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì dé ayé nígbà tí ọkùnrin náà kú.

Ọmọ ìlú Ọya yìí, òkè Ọya ni a bí i sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni ìyá rẹ̀ bí i ní Kaduna. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Èkó bọ̀, tí ó sì ń gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, Kaduna ni ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ẹkùn Ọ̀fà, láti Ìgbómìnà àti láti Ẹ̀kìtì tí ó wà lábẹ́ Ìlọrin ni ó sì ti wọ̀ ọ́ lọ wá owó àti iṣẹ́ lókè Ọya. Ilé Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n ìta ìlú àjèjì ni àwọn ọmọ wọn ń gbé ṣeré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Yẹkínì.

Ní ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà a máa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ ní Kaduna, tí a ń pè ní UNTL, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lábẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni orúkọ Yẹkínì ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1981. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ara rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti àkọ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí i kí ó gbá bọ́ọ̀lù lè rò pé afẹ́fẹ́ yóò gbé e ṣubú.

Ní ọdún 1982 ni ó wá sí Ìbàdàn, sí ẹgbẹ́ Shooting Stars. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1976, nígbà tí a ń pè é ní IICC, ó ti gba ọ̀kan nínú àwọn ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ìbàdàn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà ti di ọmọ gbogbo ìlú. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, a óò gbé e gẹ̀gẹ̀, bí ó bá sì tàsé, àwọn ọlọ́jà yóò bá a wí ní ọ̀nà. Ní ọdún 1984, Yẹkínì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ni ó gba ife lọ.

Láti Ìbàdàn ni ó ti lọ sí Abẹ́òkúta, sí ẹgbẹ́ tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Abiola Babes. Ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní ọdún 1985, ó sì tún gbà á ní ọdún 1987. Lẹ́yìn èyí, Yẹkínì ré kọjá sí Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ó sì bá ẹgbẹ́ Africa Sports gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́ta. Bí a bá ka ìrìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, láti Kaduna sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta sí Abidjan, a óò rí i pé kì í ṣe òjijì ni ó fi dé ibi tí ó dé. Àwọn mìíràn a máa ti ìlú wọn fò lọ tààrà sí ilẹ̀ Yúróòpù láìtíì pé ogún ọdún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 27 kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa gbà pé gbogbo ẹni tí ó bá lókìkí nínú eré yìí gbọ́dọ̀ lè fi bọ́ọ̀lù ṣe idán. Yẹkínì kì í fi bọ́ọ̀lù ṣe idán. Kì í jó lórí rẹ̀ bí Okocha, kì í sì í fi ara da àwọn ènìyàn nù bí àwọn tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Iwájú gan-an ni ipò rẹ̀, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ti ẹgbẹ́ kejì ti ń ṣọ́ ẹni tí wọn yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀: ó lè sáré fún wákàtí kan láìfi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kí gbogbo ènìyàn sì máa retí pé nínú mẹ́wàá yẹn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé. Ohun tí Yẹkínì fi borí ni agbára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tí ó le, àti sáàrù. Bí ó bá ti bọ́ọ̀lù síwájú tí ó sì nasẹ̀ tẹ̀lé e, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kò bá tètè yí ara rẹ̀ padà ti pẹ́ jù. Bí ó bá sì tètè yí, ara tí ó rò pé ó gbẹ náà ni yóò fi ìkọ̀ ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti ikọ̀ Nàìjíríà, ìbànújẹ́ ni ó kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Nàìjíríà ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n kí Yẹkínì tó dé ni. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó lọ sí Abidjan ní ọdún 1984. Cameroon na wọ́n ní ìpele ìkẹyìn. Ó wà níbẹ̀ ní Morocco ní ọdún 1988. Cameroon tún na wọ́n ní ìpele ìkẹyìn. Ó wà níbẹ̀ ní Algeria ní ọdún 1990. Àwọn onílé ni ó na wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìpele ìkẹyìn náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fi fàdákà sí i lọ́rùn nígbà tí ojú rẹ̀ ń wo wúrà lọ́rùn ẹlòmíràn. Ní Senegal ní ọdún 1992, ipò kẹta ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n góòlù 4 tí Yẹkínì gbá wọlé mú kí ó di ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà.

Àkókò tí ó wà ní Setúbal ní ilẹ̀ Pọtogí ni a máa ń fò kọjá nínú ìtàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fò ó. Ní ọdún 1990 ni ó dé ibẹ̀, sí ẹgbẹ́ Vitória. Setúbal jẹ́ ìlú etí òkun, ìlú àwọn apẹja, kì í ṣe ìlú ọlọ́rọ̀. Kò pẹ́ tí ó dé tí ẹgbẹ́ náà fi já wálẹ̀ sí ìpele kejì líìgì. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tí wọn a sì kó ẹrù wọn. Yẹkínì kò kó ẹrù. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì náà, níbi tí ojú àwọn ènìyàn ńlá kì í wò, àti ní sáà ọdún 1992 sí 1993, góòlù 34 ni ó gbá wọlé, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi padà sókè. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n ti wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá bí Benfica àti Porto, ó tún gbá góòlù 21, kò sì sí ẹni tí ó tó o ní gbogbo ilẹ̀ Pọtogí ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ kékeré ni ó fi ṣe é. Àwọn ará Setúbal kò gbàgbé rẹ̀ títí tí ó fi kú.

Ní ọdún 1993 ni a yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi oyè náà dá lọ́lá.

Ọdún 1994 ni ọdún rẹ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Tùnísíà. Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù 2 wọlé sí Gabon, ó gbá 2 sí Zaire, ó sì gbá 1 sí Côte d'Ivoire, ilẹ̀ tí ó ti fún un ní oúnjẹ rí. Márùn-ún náà ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìdíje náà. Ní ìpele ìkẹyìn, Zambia ni wọ́n bá pàdé, àwọn tí ọkọ̀ òfúrufú ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn já sínú òkun ní Gabon ní ọdún tí ó ṣáájú, tí wọ́n sì tún ikọ̀ mìíràn tò láti inú ẹkún. Emmanuel Amunike ni ó gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì tí Nàìjíríà fi borí pẹ̀lú 2 sí 1. Yẹkínì kò gbá ọ̀kankan wọlé ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ rí wúrà, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún Ife Àgbáyé. Nàìjíríà kò dé ibẹ̀ rí. Bùlùgáríà ni a fi kò wọ́n lójú ní àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ní pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n aago 12 òru ti kọjá ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn kò sùn. Níbi tí iná mànàmáná kò bá sí, wọ́n ti wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n sì kó ara wọn jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kò fararọ rárá ní àkókò náà. Ọjọ́ kẹwàá ni ó pé tí Olóyè Abíọ́lá, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ tí Yẹkínì ti bá ṣeré ní Abẹ́òkúta, ti kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ nítorí ìbò tí a fagi lé ní ọdún 1993. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn eré Dallas ni ìjọba ológun mú un.

Bùlùgáríà kì í ṣe ẹran jíjẹ. Stoichkov wà nínú wọn, ẹni tí ó wà lára àwọn méjì tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà. Ní ẹ̀yìn, Trifon Ivanov ni ó dúró, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ojú rẹ̀ nìkan tó láti lé ọmọdé sílé, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kì í yẹ̀ fún ènìyàn. Kí ìdíje náà tó parí, àwọn ará Bùlùgáríà wọ̀nyí kan náà ni wọn yóò lé Jámánì lọ sílé, tí wọn yóò sì ṣe ipò kẹrin ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, ó gba iwájú ilé kọjá, Yẹkínì sì sáré pàdé rẹ̀, ó tì í wọlé.

Góòlù náà kò ṣòro láti gbá. Nínú gbogbo èyí tí ó ti gbá láti Kaduna wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni ó rọrùn jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ayé rántí. Yẹkínì kò padà sẹ́yìn láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀. Bí ó ti ń sáré lọ náà ni ó wọ inú ilé góòlù, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó di àwọ̀n náà mú, ó sì bú sẹ́kún. Ó ń ké, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń mi àwọ̀n bí ẹni tí a tì mọ́ inú ilé tí ó sì ń wá ọ̀nà jáde. Àwọn tí ó ń wò ó rí góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé. Ẹni tí ó di àwọ̀n mú ní tirẹ̀ ti fi ọdún 13 rin ọ̀nà náà, ó ti fi ẹ̀ẹ̀mẹta pàdánù ní ìpele ìkẹyìn, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ìpele kejì ní Setúbal, ó sì ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Nàìjíríà borí pẹ̀lú 3 sí òdo. Amokachi àti Amunike ni ó gbá méjì yòókù. Àwòrán Yẹkínì nínú àwọ̀n ni àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri ayé. Bàbá Góòlù ni àwọn oníròyìn ń pè é, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ti ṣe é ní ibi díẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ní ìṣẹ́jú kan ni a bí Yẹkínì, ní ìṣẹ́jú kan náà ni ó sì parí, tí wọn kò fi bèèrè bí ó ti rìn dé ibẹ̀ tàbí ibi tí ó gbà lọ.

Ibi tí ó gbà lọ kò dán. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù wọlé mọ́ ní Amẹ́ríkà. Ajẹntínà na Nàìjíríà, Nàìjíríà na Gíríìsì, Ítálì sì lé wọn jáde ní ìpele kejì lẹ́yìn àfikún àkókò. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, níbi tí kò ti bá wọn pẹ́, ó lọ sí Gijón ní Spéènì, ó tún padà sí Setúbal, ó lọ sí Zürich, sí Bizerte ní Tùnísíà, sí Riyadh ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó sì tún padà sí Abidjan. Ní ọdún 1998, a tún mú un lọ sí Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 34. Nàìjíríà tún pàdé Bùlùgáríà níbẹ̀, wọ́n sì tún nà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní àkókò yìí. Lẹ́yìn tí ó padà wálé, ó bá Julius Berger ní Èkó gbá bọ́ọ̀lù, àti ní ọdún 2005, ní ẹni ọdún 41, ó tún wọ aṣọ ẹgbẹ́ Gateway ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín pé kò mọ ìgbà tí eré ń parí. Ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn pé kí ni a ti pèsè sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ṣe lẹ́yìn eré.

Nítorí pé Yẹkínì kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó wà lókè, a ka èyí sí ìwà ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí ohun mìíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di olùkọ́ni, wọ́n di asọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n di aṣojú fún àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Òun kò wá ipò kankan. Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùgbé, ìlú tí ó ti kọ́kọ́ gbé e gẹ̀gẹ̀, ó sì ń dá gbé. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé ara rẹ̀ kò dá, pé ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí irú ìtọ́jú tí ó yẹ kí a fún un àti ẹni tí ó yẹ kí ó fún un. Ohun tí ó dájú ni pé nínú gbogbo àwọn tí ó jí lóru ní ọdún 1994 nítorí rẹ̀, àwọn tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kárùn-ún ọdún 2012 ni ó kú. Ẹni ọdún 48 ni. Ivanov, tí ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Bùlùgáríà ní Dallas, kò pẹ́ láyé pẹ̀lú. Ọdún 2016 ni òun náà kú, ní ẹni 50 ọdún. Ní ti Yẹkínì, góòlù 37 ni ó gbá wọlé fún Nàìjíríà nínú eré 58, kò sì tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dákẹ́.

Wọn kò sin ín sí Kaduna tí a bí i sí, wọn kò sì sin ín sí Ìbàdàn tí ó gbé. Irá ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, wọ́n sì sin ín níbẹ̀ ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè láti rí i. A fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ńlá tí ó wà ní ibùdó eré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin, níbi tí Kwara United ti ń gba àlejò, tí àwọn ọmọ tí kò rí i rí sì ń ṣílẹ̀kùn wọlé lábẹ́ orúkọ náà láti wo bọ́ọ̀lù.